Ìkòkò Ọbẹ̀ Camden Road: Bí Àwọn Ará Wa Ṣe Rí Ibi Jẹun ní Ìlú Òyìnbó

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọ̀nà Ìgàndó, ọ̀nà Ìjẹ̀gùn àti ọ̀nà Ìdímù gbé pàdé, yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí òpìtàn fi ọkàn sí. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó mọ ìlú a gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ tààrà. Ẹni tí kò mọ ìlú a dúró díẹ̀, a wo ọ̀tún, a wo òsì, lẹ́yìn náà a bi ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni a ti lè rí oúnjẹ gidi jẹ níhìn-ín?” Kò bèèrè ààfin ọba, kò sì bèèrè ilé ìjọba. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn àgbà kò kúkú ṣì í sọ nígbà tí wọ́n wí pé bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kékeré yìí ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀ nínú ìtàn. Àwọn ìwé wa kún fún ìròyìn àwọn tí wọ́n ré òkun kọjá lọ kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn, tí wọ́n sì padà wálé wá bá òyìnbó du ìjọba. A mọ ọjọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. A mọ ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba. A mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní gbàgede. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń jẹ? Níbo ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́? Ta ni ó sì ń sè é? Èrò mi ni pé ẹni tí kò bá wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kò ì tíì mọ ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù dúró. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé ẹgbẹ́ náà ró, obìnrin ni ó sì gbé ìkòkò náà kaná.

Bí èrò ṣe ń mọ ibi jẹun láyé àtijọ́

Kí àwọn ará wa tó wọ ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ni wọ́n ti ń rin ìrìn àjò. Àwọn alájàpá a máa rìn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láti ìlú kan dé èkejì, ọjà ibùsọ̀ sì wà lójú ọ̀nà wọn. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ibẹ̀ ni a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Níbi tí a bá sì ti sọ ẹrù ni ẹlẹ́kọ, alákàrà, oníṣu sísun àti ẹlẹ́mu ń pàtẹ sí. Èrò kò ní ìwé atọ́nà lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni ó fi ń mọ ibi tí ó dára. Èkíní ni ẹnu àwọn tí wọ́n ti kọjá ṣáájú rẹ̀. Èkejì ni ọ̀pọ̀ èrò, nítorí ibi tí àwọn alárùú bá pọ̀ sí, oúnjẹ ibẹ̀ kì í sùn mọ́jú nínú igbá. Ẹ̀kẹta ni èdè: bí ó bá gbọ́ tí olóúnjẹ ń sọ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Ẹni tí yóò bu oúnjẹ fún àlejò ní ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́.

Àlejò tí kò ní ará rárá ńkọ́? Onílé ni í bọ́ ọ. Nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, tí wọ́n sì gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, àwọn ọba àti baálẹ̀ ìlú tí wọ́n wọ̀ ni ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn. Òótọ́ ni pé àwọn àlejò náà mú ẹ̀bùn lọ́wọ́, òótọ́ sì ni pé ọba fẹ́ mọ ohun tí wọ́n bá wá. Síbẹ̀, oúnjẹ ni ó ṣáájú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn ọmọ wa láti jẹ́ àlejò ní ìlú Clapperton.

Ilẹ̀kùn tí a tì

Ní ọdún 1922 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà kún fún ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè mọ èyí tí yóò gbà á wọlé. Kò sí òfin tí ó ní kí a lé e. Kò sì sí òfin tí ìjọba ṣe láti fi ìyà jẹ olóúnjẹ tí ó bá lé e. Òmíràn a ní àyè ti kún, nígbà tí àga mẹ́wàá ṣófo. Òmíràn a jẹ́ kí ó jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìdá a lóhùn. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àlejò ríran dáadáa: àwọn onílé ni kò fẹ́ rí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn tálákà nìkan ni ó jìyà yìí, kí ó wo àwọn olókìkí. Ní ọdún 1929, ilé oúnjẹ ńlá Savoy kọ̀ láti gba Paul Robeson, akọrin àti òṣèré tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń pàtẹ́wọ́ fún. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ilé ìtura kan ní Russell Square kọ̀ láti jẹ́ kí Learie Constantine, ọ̀gá nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, sùn bí ó ti fẹ́. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní ọdún 1944. Bí wọ́n bá lè ṣe báyìí sí igi ńlá, kí ni a ó wí nípa igi wẹ́wẹ́? Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjẹ̀bú tàbí láti Ẹ̀gbá, tí kò ní orúkọ, tí kò ní owó, yóò rí?

Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ilé tí ó gbà á yóò bá ọ̀dùnkún bíbọ̀ àti ẹran tí a sè láìsí ata pàdé. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nínú òtútù, ní òun nìkan nínú yàrá, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín. Oúnjẹ tí a kò bá ẹnikẹ́ni jẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

Ilé tí ó wà ní Camden Road

Ṣólàńkẹ́ kò jókòó sunkún. Ní ọdún 1924, òun àti Amy Ashwood Garvey, obìnrin ọmọ Jàmáíkà, wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìlọsíwájú Nàìjíríà kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sàró pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa yóò ti gbọ́ ohun tí ó wà nínú orúkọ náà: lẹ́tà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n létí Yorùbá, wàásù ni. Ìwé ìròyìn wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1926 ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ṣùgbọ́n wàásù láìsí ilé, ariwo ojú títì ni. Ẹgbẹ́ náà nílò ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò sùn sí, tí yóò sì ti jẹun láìbẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni Ṣólàńkẹ́ ṣe padà sí Áfíríkà ní ọdún 1929, tí ó sì ń kiri láti ìlú dé ìlú títí di ọdún 1932. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú owó. Ọpẹ́olú Ọbísànyà, tí ó fi ṣe aya, sì di ẹni tí ó bá a gbé iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ ṣí ilé wọn ní ojúlé 62, Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ọpẹ́olú Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó ilé náà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Epo pupa, gàrí àti ẹ̀gúsí kò sí ní ọjà Camden Town. Ọkọ̀ ojú omi láti Èkó sí Liverpool ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun, nítorí náà ohun tí aríntìn-àjò bá dì sínú àpótí rẹ̀ ni a ó máa ṣọ́ jẹ. Àwọn ará wa tí wọ́n gbé ìlú òyìnbó ní ìgbà náà kọ́ bí a ti ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì rokà nígbà tí kò sí iṣu tí a ó fi gún iyán. Nígbà tí ogun sì dé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wọn oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1940, ètò náà kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1954. Ẹni tí ó ń bọ́ ilé tí ó kún fún ọ̀dọ́mọkùnrin ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọdé nínú ètò.

Nídìí oúnjẹ náà ni Yorùbá, Fàǹtí, Ìgbò àti ará Sàró ti bá ara wọn jókòó. Nílé, ó lè máà sí ohun tí yóò pa wọ́n pọ̀. Ní Camden Road, ebi kan náà ń pa wọ́n, òtútù kan náà ń mú wọn, inú ìkòkò kan náà ni a sì ti ń bu oúnjẹ fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ láti wí pé “àwa”. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún 1941, ẹgbẹ́ náà ti lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Clement Attlee, igbákejì olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi bá wọn sọ̀rọ̀ pé òmìnira tí a ń tìtorí rẹ̀ jagun wà fún gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Kwame Nkrumah, tí ó di olórí Gánà lẹ́yìn náà, dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ yìí.

Ẹnìkan lè bá mi jiyàn pé owó tí Ṣólàńkẹ́ kó jọ ni ó ra ilé, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó sì kó ènìyàn jọ. N kò kọ̀. Ṣùgbọ́n owó a máa ra ilé, kì í mú kí ènìyàn fẹ́ padà síbẹ̀ lọ́la. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni a ti fi ọ̀rọ̀ dídùn dá sílẹ̀ tí ó ti túká. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ nípa WASU, ìlà kan tàbí méjì ni Ọpẹ́olú Ṣólàńkẹ́ ń ní, gẹ́gẹ́ bí aya akọ̀wé ẹgbẹ́. A ka ọbẹ̀ sí ohun tí ó sè ara rẹ̀.

Ta ni ó ni ìkòkò?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ mọ agbára ìkòkò. Ní ọdún 1934, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè, a ṣí ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Doughty Street, a sì fi orúkọ Aggrey, olùkọ́ ńlá ọmọ Gold Coast, pè é. Ilé tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n WASU ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe wọ̀ ọ́. Kí ni ó dé? Ṣé kì í ṣe ibi ìtura kan náà ni gbogbo wọn ń wá?

Ìdáhùn náà kò jìnnà. Ẹni tí ó bá ń bọ́ni ni í mọ ohun tí à ń sọ nídìí oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé ìjọba fẹ́ fi ilé yìí ṣọ́ wọn, kí ó sì gba ẹgbẹ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn láàrin wọn kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ síbẹ̀. Ìjà ọ̀rọ̀ pọ̀. Ní ìkẹyìn, ìjọba ti ilé Aggrey pa ní ọdún 1940, nígbà tí WASU ti kó lọ sí ilé tuntun ní South Villas, lẹ́bàá Camden Square, láti ọdún 1938. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ibi jíjẹ tí ó dára kì í ṣe ibi tí ọbẹ̀ ti dùn nìkan. Ibi tí ènìyàn ti lè jẹun tán, kí ó sì sọ ohun tí ó wà ní inú rẹ̀, ni.

Kì í ṣe àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni ó mọ èyí. Ní ọdún 1935, Amy Ashwood Garvey tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣí ilé oúnjẹ kan ní New Oxford Street ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí wọ́n ń jà fún òmìnira Áfíríkà sì ń pàdé níbẹ̀. Ní Manchester, Ras Makonnen, ọmọ Guiana, ní ilé oúnjẹ ní agbègbè Oxford Road; nígbà tí ìpàdé ńlá karùn-ún ti àwọn ènìyàn dúdú wáyé ní ìlú náà ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀, owó ilé oúnjẹ rẹ̀ sì ran ìpàdé náà lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, Victor Hugo Green, apínlẹ́tà kan tí ó ń gbé ní Harlem, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1936 ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kékeré kan tí ó ń dárúkọ ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ilé epo tí yóò gba ènìyàn dúdú láìdójú tì í. Ìwé náà ń jáde fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí àwọn alájàpá wa ń fi ẹnu sọ fún ara wọn ní ibùsọ̀ ni Green kọ sílẹ̀ ní ìwé.

Lẹ́yìn tí òfin ṣí ilẹ̀kùn

Ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó kà á léèwọ̀ láti lé ènìyàn kúrò ní ilé oúnjẹ tàbí ilé ìtura nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí lójú òfin. Nígbà tí èmi fúnra mi wá dé ìlú òyìnbó láti kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, kò sí ẹni tí ó lé mi. Síbẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi jẹ búrẹ́dì tútù. Fóònù ọwọ́ mi ń dárúkọ ilé oúnjẹ lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń fi ìràwọ̀ ṣe àmì sí wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé, tí ó pe ara rẹ̀ ní ilé oúnjẹ Áfíríkà, ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní ata, owó rẹ̀ sì ta mí lójú ju ata lọ.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ibùdókọ̀ kan ní Peckham, ni ìyá àgbàlagbà kan bá yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ lójú títì. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé ìtajà kan tí ń ta èlùbọ́. Àmàlà àti ewédú wà níbẹ̀, èrò sì kún ún. Nígbà tí mo ń dúpẹ́, wọ́n ní, “Má máa wo ara ògiri. Ojú àwọn tí ń jáde ni kí o máa wò. Bí o bá sì rí ẹlòmíràn tí kò mọ̀nà, kí o mú òun náà wá.” Mo jẹun tán kí n tó mọ ohun tí mo gbọ́. Àmì mẹ́ta ti ọjà ibùsọ̀ ni: ẹnu ẹni tí ó ti kọjá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò, àti èdè ilé.

Ayé sì ti yí díẹ̀. Ní ọdún 2024, Adéjọkẹ́ Bákàrè, obìnrin tí a bí ní Kàdúná, gba ìràwọ̀ Michelin fún ilé oúnjẹ rẹ̀ Chishuru ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yìí, a dárúkọ ẹni tí ó se ọbẹ̀. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a gbàgbé pé ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀, àwọn kan ti lànà rẹ̀ ṣáájú, láìsí ìràwọ̀ kankan.

Ó di ọwọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìkòtún. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ju 1,200,000 lọ, àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí ọmọ àlejò. Ní Ìgàndó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ń wá ibi tí owó wọn yóò ti tó jẹun. Ní Ìkòtún, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn láti gúúsù Áfíríkà àti láti ilẹ̀ mìíràn ń wá sí ilé ìjọsìn T. B. Joshua, tí ó kú ní ọdún 2021. Ilé ìtura àti ilé oúnjẹ sì pọ̀ sí i ní àdúgbò nítorí wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé tí àwọn àlejò wọ̀nyí ń wọ̀ sí wó, ènìyàn 116 sì kú, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ yẹn kọ́ wa ní ohun tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní Camden Road ti mọ̀: àlejò ojúde wa, àrẹ̀mọ ilé ẹlòmíràn ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwọn kan sì wà ní ilé tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yìí gbé yẹ̀ wò. Èkíní kan gbogbo wa. Bí àlejò bá bi wá léèrè ibi tí a ti ń rí oúnjẹ jẹ, kí a má fi ọwọ́ tọ́ka lásán. Kí a mú un débẹ̀, kí a sì rí i pé wọn kò bù ú léwo nítorí ahọ́n rẹ̀. Ohun tí a kọ̀ fún àwọn bàbá wa ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a má kọ̀ ọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Èkejì kan àwa òpìtàn àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó, àwọn ìyá olóúnjẹ wà tí wọ́n ti ń dáná láti ìgbà tí ọ̀nà kò tí ì lọ́dà. Wọ́n mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé àdúgbò, ẹni tí ó jẹ gbèsè, ẹni tí ó di ènìyàn ńlá lẹ́yìn tí ó ti jẹ àwìn. Àwọn ni ìwé ìtàn tí kò sí ní ilé ìkàwé. Ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ lọ jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán nígbà tí èrò bá dínkù, ẹ bi wọ́n, ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn. Kí ó má di pé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ẹnìkan yóò tún máa wá orúkọ ẹni tí ó se ọbẹ̀, tí yóò sì bá a ní ìlà kan ṣoṣo, lẹ́yìn orúkọ ọkọ rẹ̀.